Ṣé owó Carausius ni eléyìí, àbí ti Allectus?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa owó àtijọ́. Mo ra ẹyọ owó idẹ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù àlòkù níbí ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ti Carausius ni, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Róòmù tó já Bìrìtéènì gbà ní 286 tó sì fi ara rẹ̀ jọba. Allectus tó ń bójú tó ìṣúra rẹ̀ ló pa á ní 293, ṣùgbọ́n òun náà ò pẹ́ lórí oyè, Róòmù ṣẹ́gun rẹ̀ ní 296.

Ẹni tó dé adé onítànṣán ló wà lójú owó náà, onírùngbọ̀n, ọrùn rẹ̀ ki bíi ti ajàkadì. Lẹ́yìn, obìnrin kan dúró, ó na ẹ̀ka igi síwájú. Mo rí PAX (àlàáfíà ní èdè Látìnì), mo sì rí ML lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àmì ilé ìrọwó Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ nínú orúkọ ọba, VS tó gbẹ̀yìn nìkan ló kù, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló ní in! Ṣé ọrùn yẹn tó ẹ̀rí?

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Nǹkan aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ kan ń hù létí rẹ̀, tí mo bá fi èékánná kàn án, á rún bí ìyẹ̀fun. Ẹni tó tà á ní kí n rẹ ẹ́ sínú fínígà. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe tí kò fi ní jẹ ẹ́ tán? Mo lè fi fọ́tò ránṣẹ́.