Ọmọ mi mọ gbogbo ẹranko inú ìwé, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìtàn ẹ̀

Màmá Tèmi, Kúbwà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́rin. Bí mo bá ti ṣí ìwé àwòrán báyìí, á ti máa nawọ́: "Góòtì! Lọ́rì!" Àmọ́ tí mo bá kà á tán, tí mo ní kí ló ṣẹlẹ̀ sí ewúrẹ́ yẹn, á kàn tẹjú mọ́ mi ni. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ nílé ìwé ẹ̀, Hausa ni tàwọn ọmọ kọ́ńpáùn, Yorùbá ni tiwa. Bàbá ẹ̀ ní èdè ti pọ̀ jù. Ṣé kí n fi Yorùbá sílẹ̀ ni?

Àǹtí Jẹ́lé-ó-sinmi, Gwagwaládà:
Ẹ má fi í sílẹ̀ o! Hausa, Gbagyi, Íbò àti Yorùbá ló kún kíláàsì mi. Èdè mẹ́ta kì í dí ọmọ létí.

Ìbéèrè tí ẹ ń bi ọmọ ló pẹ́ kó tó dé. Ẹ má dúró dìgbà tí ìwé bá tán. Ẹ fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ jọ wo àwòrán. "Kí nìyí?" kò wúlò, orúkọ náà ni á tún dá. Ẹ bi í pé: "Kí ni ewúrẹ́ ń wá lórí tábìlì?" Kí ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn gan-an ló ń nira fáwa òbí, a ti máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Tó bá ní "ó jẹ iṣu", ẹ fi kún un: "Bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ iṣu Ìyá Àgbà, ìyẹn ni màmá ṣe gbé igi." Kó tún un sọ. Kí ẹ tó ṣí ojú ìwé kejì, ẹ ní kó sọ ohun tí Ìyá Àgbà máa ṣe. Lọ́la, ìwé yẹn náà ni. Àwa ló ń sú, kì í sú wọn.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Whitehurst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde ní 1988: láàárín oṣù kan péré, àwọn ọmọ tí òbí wọn ń bi ní irú ìbéèrè yìí sọ̀rọ̀ já gaara ju àwọn tí wọ́n kàn ń kàwé fún.

Ó ku kiní kan. Tẹ́ ẹ bá ń pè é lẹ́yìn tí kì í yíjú, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n wo etí ẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Kàdúná:
Ìwé ọjà wa, yìnyín ìlú òyìnbó ló kún inú ẹ̀. Ọmọ tí kò rí yìnyín rí, kí ló fẹ́ sọ? Ẹ lọ sí African Storybook, ìkànnì ìwé ìtàn ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ti Yorùbá wà níbẹ̀, ti Hausa náà wà.

Màmá Tèmi, Kúbwà:
Iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi wò ó. Mo bi í, mo dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní ewúrẹ́ ò lówó tó máa fi ra oúnjẹ ni!

Àǹtí Jẹ́lé-ó-sinmi, Gwagwaládà:
Háà! Lọ́la, ẹ bi í pé ta ló ná owó ẹ̀.