Ohùn ara wọn ni mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́: ìrírí àwa tíṣà Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ẹ̀rọ nínú kíláàsì

Tíṣà obìnrin, Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ sínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ ká jọ sọ, kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ 74 ló wà ní JSS 2 tí mò ń kọ́. Nígbà tí àwọn tó ti jáde nílé ìwé wa ra purojẹ́kítọ̀ kan fún wa, èmi ni mo kọ́kọ́ yá a. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò sùn dáadáa, mò ń to àwòrán, mò ń kun àwọ̀, mò ń mú kí ọ̀rọ̀ máa yọ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìró /f/ àti /v/ ni ẹ̀kọ́ náà. Lọ́jọ́ tí mo máa kọ́ wọn, iná ò sí. A fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí, ìṣẹ́jú 14 lọ kó tó dáhùn. Nígbà tó sì máa tàn, oòrùn ti gba ojú fèrèsé tí kò ní kọ́tìnnì wọlé, ó bo gbogbo ògiri. Àwọn ọmọ ń ṣẹ́jú wò ó, wọn ò rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 40 ni píríọ́ọ̀dù wa. Agogo lù. "Good morning, ma" tí wọ́n fi kí mi nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì tó jáde lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà.

Ó dùn mí wọ eegun. Mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, mo mú nóòtì ẹ̀kọ́ mi, mo kà á láti òkè délẹ̀. Níbi tó yẹ kí n kọ ohun tí ọmọ yóò lè ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ohun tí purojẹ́kítọ̀ yóò ṣe ni mo kọ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bíró àti ìwé ni mo fi ń ṣètò ẹ̀kọ́, mi ò tíì ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Mo máa ń bi ara mi pé: kí ni ọmọ yìí nílò tí ṣọ́ọ̀kì kò lè fún un, tí ẹnu tèmi náà kò lè fún un? Bí kò bá sí, ẹ̀rọ á dúró sílé. Tó bá jẹ́ lẹ́tà kíkọ ni mo fẹ́ kọ́ wọn, mi ò gbé ẹ̀rọ. Àyọkà náà, mi ò gbé ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìró, ṣọ́ọ̀kì ò lóhùn. Èmi náà sì rèé, ẹnu Yorùbá ni ẹnu mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tún ẹ̀kọ́ /f/ àti /v/ yẹn ṣe, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo kọ "fáànù" sí bọ́ọ̀dù. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní "fan", èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ọmọkùnrin kan ní "van", ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, àwọn méjèèjì ló sì tọ̀nà. Mo kọ tíṣà, ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀ṣì àti bẹ́ńṣì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "chair", ṣ la fi dí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá wọ̀nyí ló ń fi ibi tí etí wa ti ń ṣì í gbọ́ hàn wá, láti ayé àwọn bàbá wa. Kọ́ńsónáǹtì 18 la ní, Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ́ wọn ní 24. Fáwẹ̀lì tiwa jẹ́ 7 àìránmúpè àti 5 àránmúpè, tiwọn jẹ́ 20. Ọmọ tó pe "ship" àti "sheep" bákan náà kì í ṣe olódo, ilé ìró kan ṣoṣo ló ní fún àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbé fóònù mi àti sípíkà kékeré kan jáde. Láti ilé ni mo ti fa ohùn ọ̀rọ̀ 16 sílẹ̀ látinú ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí n kò fi ní lo dátà kankan ní kíláàsì. Mo ní tí ẹ bá gbọ́ "fan", ẹ na ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá jẹ́ "van", ẹ na ọwọ́ òsì. Ẹ pa ojú dé, kí ẹnikẹ́ni má wo ọwọ́ ẹnìkejì. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí mo fi mọ ọmọ tó gbọ́ ọ àti ọmọ tí kò gbọ́. Ìdánwò wo ló lè fi ìyẹn hàn mí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ọmọ 74?

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ohùn tiwọn. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn kíláàsì tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka èdè ọ̀dọ̀ wa níbí, s ló pọ̀ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì níbi tó yẹ kí ṣ wà. Mo ti ń bá a wí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé "fish" ni, kì í ṣe "fis", á sì wò mí bí ẹni pé mò ń fi ìyà jẹ ẹ́ láìṣẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó ka "The fish is fresh" sínú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ma, ṣé èmi nìyẹn?" Mo ní òun ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kó tún un sọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù, ó ṣùpọ̀ ètè síwájú bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ó sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó tún un sọ. Ìgbà kẹrin ló tó gbé e fún mi, kò wo ojú mi kó lè mọ̀ bóyá ó tọ̀nà, ó kàn lọ jókòó.

Mo ronú sí i délé. Gbogbo ìgbà tí mo ń bá a wí, "fish" ni etí rẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Mi ò mọ̀.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: mi ò kì í fi ohùn ọmọ kan sí sípíkà kí gbogbo kíláàsì gbọ́ àfi tó bá gbà. Mo sì máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí n tó kúrò nílé ìwé.

Tíṣà ọkùnrin, Òṣogbo

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wọ̀ mí lára.

Èmi, SS 2 ni mò ń kọ́. Ẹ máa rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní 2013 fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, tí ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lára rẹ̀ ni pé ọmọ á sáré lọ sídìí ìbéèrè, á tẹ A, á tẹ C, máàkì á yọ, á tẹ̀síwájú. Ó lè ṣe ìbéèrè 50 láìronú lé ọ̀kan. Mo wá yí i padà nínú nóòtì ẹ̀kọ́ mi. Ìbéèrè márùn-ún péré la máa ń ṣe nínú píríọ́ọ̀dù kan. Mi ò béèrè èyí tó tọ̀nà. Àwọn mẹ́ta tí kò tọ̀nà ni mo máa ní kí wọ́n mú, kí wọ́n dìde sọ ìdí tí kò fi tọ̀nà, ní odindi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń jáde. Tábúlẹ́ẹ̀tì gbé ìbéèrè wá, ẹnu wọn ló ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, ó ti ń bí mi nínú pẹ́. Ìdánwò ìró ẹnu tí WAEC ń ṣe fún wa ní Nàìjíríà, ìbéèrè 60 ni, ìṣẹ́jú 45. Ọmọ ò ní la ẹnu rárá títí yóò fi parí, á kàn máa ṣéèdì ni. Nítorí ìyẹn, àmì ìró nìkan ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ́ wọn, a ń yà á sí bọ́ọ̀dù bí àwòrán. Ọmọ á gba máàkì, kò sì ní lè pe ọ̀rọ̀ náà. Fóònù kan tó ní ohùn nínú ti tó láti tún ìyẹn ṣe, kì í ṣe ohun tó nílò owó ìjọba.

Madame, Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo ilé. Ìlú Kétu ni mo wà, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀: Yorùbá nílé, Faransé ní kíláàsì, ìgbà tí ọmọ bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn sẹ́kọ́ńdìrì tiwa, ló tó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé kì í pe h, nítorí náà "house" máa ń di "ouse" lẹ́nu wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ní h nínú "hó" àti "hàn". Mo máa ń ní kí wọ́n pe "omi ń hó" ná, kí wọ́n di h yẹn mú lọ́fun, kí wọ́n wá gbé e wọ "house". Ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ tèmi ni rédíò. Rédíò láti Nàìjíríà ń dé ọ̀dọ̀ wa kedere. Mo máa ń ká ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ìṣẹ́jú kan péré sínú fóònù ní òwúrọ̀. Ní kíláàsì, nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ ìlú nìkan ni wọ́n máa wá: Abùjá, Èkó, Kánò. Nígbà kejì, wọ́n á wá nọ́ńbà. Ìgbà kẹta ni a tó ń wá ọ̀rọ̀ ìṣe. Ọmọ tó ti gbọ́ "Èkó" ti mọ̀ pé òun lè gbọ́ nǹkan, ẹ̀rù á kúrò lára rẹ̀.

Bàbá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn. Ní 1984, rédíò kásẹ́ẹ̀tì ni mò ń gbé lọ sí kíláàsì, bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ. Kí bátìrì má baà tètè kú, bíró la fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Mo ti kà á nílé: ìyípo 22 ló máa gbé mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àyọkà. Ọmọ kan ni mo máa ń fún ní iṣẹ́ náà, á máa yí i, á máa kà á ní Gẹ̀ẹ́sì sókè. Tí mi ò bá ti dán an wò nílé lálẹ́ tó ṣáájú, mi ò ní gbé e jáde lọ́jọ́ kejì.

Tíṣà Ìṣẹ́yìn, ẹni kan lè sọ fún ọ pé kò yẹ kí o kọ "fáànù" sí bọ́ọ̀dù nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Má dá a lóhùn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn kíláàsì yẹn ń kọ́?

Tíṣà obìnrin, Ìṣẹ́yìn

Ẹ ṣeun sà, ẹ ṣeun Madame. N ó gbìyànjú ti rédíò yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀ pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é tí iná ò bá sí: nóòtì ẹ̀kọ́ mi ní ojú ìwé méjì báyìí, ọ̀kan fún ọjọ́ tí iná wà, èkejì fún ọjọ́ tí kò sí. Lọ́jọ́ tí kò sí, tí sípíkà sì ti kú, ọmọ méjì á jókòó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọ̀kan á ka ọ̀rọ̀, èkejì á kọ ohun tó gbọ́. Tí ó bá kọ "fan" sílẹ̀ nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ fẹ́ pe "van", àwọn méjèèjì á mọ̀ fúnra wọn. Mo ti wá fẹ́ràn ojú ìwé kejì yẹn tó fi jẹ́ pé mo máa ń lò ó lọ́jọ́ tí iná wà pàápàá.

Ọmọbìnrin náà wà ní JSS 3 báyìí, sà. Ó máa ń wá bá mi nígbà ìsinmi, á ní kí n yá òun ní fóònù. "Zip" ló kù tó ń bá jà. Lánàá, agogo ti lù, mo ní kó mú fóònù wá fún mi. Ó ní kí n má bínú, kí n dúró díẹ̀, òun ò tíì gbọ́ ọ bó ṣe yẹ.