Ẹ gbà mí o, ṣíìfù àti réèsì forí gbárí lọ́jọ́ Sátidé

Àdìsá Woolwich: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun ẹ gbà mí o, orí mi ti dàrú. Rótà họ́sípítù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí, wọ́n fi mí sí long day, àárọ̀ dalẹ́, ní Sátidé, Sátidé yẹn gan-an ni réèsì kẹ̀kẹ́ mi ní Hog Hill, mo ti sanwó, wọn ò sì ní dá a padà. Mo ti ní póìǹtì 10, ó ku 2 péré kí n kúrò ní 4th cat, ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyàwó mi náà wà ní nights Fúráìdé, tó bá wọlé láàárọ̀ oorun ló máa sùn, ta ló máa wo ọmọ? Ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù ní kí n kàn pe sick. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíá.

Ìyá Ìbejì Peckham: Àbúrò mi, má dán an wò! Èmi ti ṣe é rí. Mo pè pé inú ń run mí, mi ò lọ ṣíìfù late, mo gba réèsì Crystal Palace lọ nírọ̀lẹ́ Tuesday, mo gbé ipò kẹta, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mi ò rántí pé orúkọ gbogbo wa àti ipò tá a gbé ni British Cycling, àwọn tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ níbí, máa ń kọ sórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Kí n tó padà síṣẹ́ máníjà ti rí i. Ìgbéga sí Band 6 tí wọ́n ti fẹ́ẹ́ fún mi, bó ṣe lọ nìyẹn.

Bàbá Kẹ́hìndé Birmingham: Àǹtí, ẹ má bínú, èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan ńbẹ̀ o. Ìgbà táwọn náà bá ń pè wá lọ́jọ́ òfì wa pé ká wá gba ṣíìfù, ta ló ń bá wa sọ ọ́?

Ìyá Ìbejì Peckham: Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ní PIN, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ sísọ wà nínú Code NMC, ìlànà àjọ tó ń ṣàkóso àwa nọ́ọ̀sì, irọ́ kékeré báyìí ni wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì lẹ́jọ́. Tí PIN bá lọ, póìǹtì 12 ló máa sanwó ilé?

Bàbá Kẹ́hìndé Birmingham: Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Salford: Ti Àǹtí lẹ jẹ́ ká tẹ̀lé jàre. Àdìsá, wá ẹni tó máa gba Sátidé lọ́wọ́ ẹ, ìwọ náà gba ti ẹ̀ tí kò fẹ́, kí máníjà fọwọ́ sí i nínú rótà, má fi ẹnu lásán ṣe é o. Lọ́jọ́ iwájú kọ́kọ́ béèrè òfì kó o tó sanwó réèsì. Má sì forúkọ sílẹ̀ fún réèsì tó bá tẹ̀ lé nights, ojú tí ò sùn ò lè rí táyà ẹni tó wà níwájú.

Bàbá Kẹ́hìndé Birmingham: Ìyẹn gan-an ló ṣe mí. Kẹ̀kẹ́ carbon tí mo gbà nípasẹ̀ Cycle to Work, ètò tí ibi iṣẹ́ fi ń bá wa gba kẹ̀kẹ́, mo fi réèsì lẹ́yìn nights, mo ṣubú, férémù là, eegun èjìká kán. Ínṣọ́ránsì ilé ní àwọn ò sanwó ohun tó bá bàjẹ́ nínú réèsì. Wọ́n sì ń yọ owó kẹ̀kẹ́ tó ti di pàǹtírí lára owó oṣù mi títí ó fi tán. Àdìsá, férémù àlúmíníọ̀mù ni kó o fi réèsì, fi carbon sílé.

Ọmọ Ìbàdàn Leeds: Ẹ má já a láyà jàre. Ọmọ wa Yewande Adesida ṣáà ṣe PhD ní Imperial nígbà tó tún ń sáré kẹ̀kẹ́ lórí track. Gun kẹ̀kẹ́ lọ síṣẹ́ kó o gùn ún bọ̀, tréníǹ nìyẹn. Tọ́mọ bá ti sùn, bọ́ sórí turbo, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ lé láti gùn ún lójú kan nínú ilé, tẹ́ máàtì sábẹ́ ẹ̀ nítorí ará ìsàlẹ̀. Àbí kó o kó wá Leeds, òkè wà níbí, ibí ni Tour de France ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014.

Ìyá Ìbejì Peckham: Ó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 2007, ẹ ò tíì jí nígbà yẹn 😂 Pápá eré kẹ̀kẹ́ Herne Hill wa ti wà látọdún 1891!

Ọmọ Ẹ̀gbá Salford: Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ tán, Manchester lẹgbẹ́ òyìnbó tó ń gba góòlù ti ń ṣe tréníǹ.

Ọmọ Ìbàdàn Leeds: Nítorí òjò ò jẹ́ kí wọ́n jáde síta ni 😂😂

Àdìsá Woolwich: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o. Mo ti tẹ ẹni tó lè bá mi pààrọ̀ láago, kò tíì gbé e. Ti ọmọ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Peckham: Ọmọ ọdún mélòó ni? Tó bá ti kúrò lẹ́nu ọmú gbé e wá, àwọn ìbejì á bá a ṣeré. Kó o sì di ìrẹsì tó lẹ̀ pọ̀ sínú fọ́ìlì, òun ni kó o jẹ lọ́nà, ó sàn ju jẹ́lì tí wọ́n ń mu lórí kẹ̀kẹ́ lọ.

Aláké Nottingham: Ẹ̀ ń pariwo ìlú, Ráléè tí bàbá gbogbo wa gùn, Nottingham ni wọ́n ti ṣe é!

Ọmọ Ẹ̀gbá Salford: Háà, Ráléè! Ti bàbá mi dúdú, ó ní dínámò, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Háyà la máa ń ṣe ní Abẹ́òkúta, owó tí wọ́n fún wa láti fi jẹun níléèwé la fi ń san án.

Bàbá Kẹ́hìndé Birmingham: Tí aago bá ti lu, ọlọ́kẹ̀kẹ́ á máa sáré lé wa bọ̀ ládùúgbò!

Aláké Nottingham: Ìyẹn gan-an ni réèsì! Ẹ tiẹ̀ gbọ́, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń fi kẹ̀kẹ́ háyà nílé báyìí? Mo ń bọ̀ wálé ní Disẹ́ńbà, ó wù mí kí n mú àwọn ọmọ lọ.