Ohun tí ọwọ́ tó nílé ni ará ilé máa jẹ: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Oníbejì, Òkè Àró, Àkúrẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan béèrè bí a ṣe lè mú ará ilé jẹ ẹ̀fọ́ àti èso láìsí ariwo. Tiwa ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára ọkọ mi nígbà tí a lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó bá wa sọ̀rọ̀ kò dẹ́rù bà wá. Ó kàn bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló máa ń wà lórí tábìlì yín nílé?" Mo kà á fún un: iyọ̀, ṣúgà, bọ́ǹsì nínú ọ̀rá, ẹlẹ́rìndòdò. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ tún tábìlì yẹn tò kí ẹ tó bá Dádì wí."

Iyọ̀ la kọ́kọ́ gbé kúrò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí ìmutíì kan. Iyọ̀ inú magí wà nínú ìṣirò yẹn o. Ọ̀pọ̀ wa kì í kà á mọ́ ọn. Irú pẹ̀tẹ̀ àti edé ló ń mú ọbẹ̀ wa dùn báyìí. Ọjà Ọba ni mo ti ń ra irú, mo sì máa ń tọ́ ọ wò kí n tó sanwó, torí àwọn kan ti fi iyọ̀ sí tiwọn.

Ẹlẹ́rìndòdò, a ò kà á léèwọ̀. A kàn ò ra páálí rẹ̀ wálé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, yóò ra ìgò kan, yóò sì tún gun òkè padà. Nígbà tó ti di bẹ́ẹ̀, ẹ ò rí i pé àwọn ọmọ kì í sábà lọ. Omi tútù ló wà níwájú nínú fìríìjì, àti ìbẹ́pẹ tí mo ti gé sínú abọ́ onídèérí. Ẹ gé e o. Odidi ìbẹ́pẹ lè wà nílẹ̀ títí yóò fi rà, àmọ́ èyí tí mo bá gé láàárọ̀ kì í dalẹ́.

Iyán wá ń kọ́? Ọmọ Oǹdó ni ìyá ọkọ mi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Ta ni mo jẹ́ tí n óò ní kí wọ́n má jẹyán mọ́? Abọ́ ni mo pààrọ̀. Abọ́ iyán kéré sí ti tẹ́lẹ̀, abọ́ ọbẹ̀ tóbi sí i, ẹ̀fọ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀: ewúro, tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sínú ike ọ̀dà lẹ́yìn kíṣìnnì, àti wọ̀rọ̀wọ́. Wọ̀rọ̀wọ́ yìí ló ṣẹ́gun àwọn ọmọ mi. Màmá sọ fún wọn bó ṣe máa ń hù lábẹ́ kòkó, bí àwọn ṣe ń já a bọ̀ láti oko nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ti ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ló ń béèrè "ẹ̀fọ́ Màmá" báyìí.

Ẹ̀rọ ìgúnyán náà ti padà sínú páálí. Odó la fi ń gún un, àwọn ọmọ ló ń gún un ní méjì-méjì, Màmá á sì jókòó máa darí wọn. Ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná. Odó ń bá wa mú díẹ̀ nínú rẹ̀.

Tíṣà Oǹdó

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Àmọ́ ìbẹ́pẹ gígé yẹn, ilé tó níná ló bá mu. Iná ò ṣe é gbọ́kàn lé ládùúgbò tèmi. Èso tí kò nílò fìríìjì ni mo ń rà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn, máńgòrò nígbà tó bá dé. Apẹ̀rẹ̀ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ kó tó rántí gààrì.

Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé elérò, a ò ní àgbàlá. Mo bẹ ìyá onílé, wọ́n sì gbà kí á fi ṣọ́ọ̀kì fa súwè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé ló ń fò ó ní ìrọ̀lẹ́, ìyá wọn náà ń bá wọn fò ó. Ní ti àgbà, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí á fi máa rìn kánmọ́kánmọ́, ó kéré tán. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ ilé ìwé, ibẹ̀ ni mo ti ń rí tèmi.

Àsun ni ìṣòro wa ní Oǹdó, torí àwa la ni ín. Òde ayẹyẹ ni mo ti ń jẹ ẹ́. Mi ò kí í dì í wálé.

Ará Ìjọ́kà

Ìyá Ìbejì, ewúrẹ́ àdúgbò kò jẹ́ kí ẹ̀fọ́ tèmi dàgbà. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Ìyá Oníbejì

Orí búlọ́ọ̀kù ni mo to àwọn ike náà sí, ó ga ju ẹnu ewúrẹ́ lọ. Ẹ lu ìdí ike kí omi lè máa jáde. Tẹ́ẹ bá fẹ́ lo ìgbẹ́ adìẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó sì pẹ́ nílẹ̀ kí ẹ tó pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀, torí tútù rẹ̀ máa ń jó ẹ̀fọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ti lè máa já tẹ̀tẹ̀. Ẹ má fà á tu o. Ẹ gé e lókè, kí ẹ fi kùkùté sílẹ̀, yóò tún rúwé.