Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì Cairngorm fún Sátidé, àbí kí n ṣì dúró?

Ìyá Ìbejì Glasgow
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi oṣù Kejì, etí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ àfi ti yìnyín. Ti Glasgow níbí, kó tó kanlẹ̀ ló ti domi. Mo wo fóònù, ó ní yìnyín máa bọ́ ní Aviemore, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè Cairngorm, láti Furaidé títí di Sọ́ńdè. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń gbéni gun òkè Cairngorm kì í sì í ṣe owó kékeré fún ẹni mẹ́rin. Ṣé kí n rà á báyìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ apá ibẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Akin Ọmọ Èkó
Èèyàn sá kúrò nínú ooru, ó tún ń fowó ra òtútù! Mo ń retí fọ́tò o.

Kúùkù Aviemore
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Kísìnì òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, èmi ni mò ń dín ẹyin láàárọ̀ fún àwọn tó wá ṣe ski, ìyẹn eré yíyọ̀ lórí yìnyín. Ohun tó máa ń bà wọ́n nínú jẹ́ jù ni atẹ́gùn. Yìnyín á wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, oòrùn á tiẹ̀ ràn, síbẹ̀ wọn ò ní gbé ẹnikẹ́ni gòkè.

Àwòrán tí fóònù yín ń yà, ti ìlú nísàlẹ̀ ni. Aviemore ò ju nǹkan bíi mítà 215 lọ sókè òkun. Ibi tẹ́ ẹ ó gbé mọ́tò sí lé ní 600. Ptarmigan tí ọkọ̀ náà ń já èrò sí tó nǹkan bíi 1,100, ṣóńṣó òkè sì jẹ́ 1,245. Béèyàn bá ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, ó tó dígírì mẹ́fà àtààbọ̀ nínú mítà 1,000. Tó bá jẹ́ dígírì 6 ní Aviemore, òjò ni yóò pa yín níbi tẹ́ ẹ gbé mọ́tò sí, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ń sún mọ́ Ptarmigan kó tó di yìnyín. Ẹ wá a nínú àsọtẹ́lẹ̀, ìwọ̀n gíga tí omi ti ń dì lójú ọ̀run. Bí wọ́n bá kọ mítà 500, ẹ di ẹrù. Bí wọ́n bá kọ 1,200, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Ó wá ku atẹ́gùn. Lórí òkè yìí ni wọ́n ti wọn èyí tó sáré máìlì 173 ní wákàtí kan, ní ogúnjọ́ oṣù Kẹta 1986. Ti ojoojúmọ́ ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí 50 fún orí òkè, mo mọ̀ pé àwọn àlejò wa á jókòó ti tíì títí di ọ̀sán. Ibi tó ti ń fẹ́ wá náà ṣe kókó. Èyí tó ń ti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ láti orí Atlantic sábà máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó sì lè fọ yìnyín ọ̀sẹ̀ kan dànù mọ́jú. Ti àríwá ni tiwa. Ẹ ó rí ọgbà onípákó tó tò lọ bẹẹrẹ ní Coire Cas, kòtò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà, ti màlúù kọ́ o! Atẹ́gùn máa ń gbá yìnyín kiri bí ìyàngbò, pákó yẹn ló ń dá a dúró kó lè gbá jọ. Ẹ lè rí òkúta lásán níbì kan, kẹ́ ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí yìnyín mù yín dé itan.

Òní ṣì ni Mọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kó di Tọ́sìdeè, kẹ́ ẹ wá ka MWIS, àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fáwọn tó ń gun òkè, ti orí òkè gan-an ni wọ́n ń sọ. Ẹ tún yẹ ojú òpó Cairngorm wò láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ò ṣe é fọwọ́ sọ̀yà lé: wọ́n ṣí i ní 2001, wọ́n tì í ní 2018 nítorí ìṣòro àwọn òpó tó gbé e dúró, ó padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n tún tì í lọ́dún náà, ó di 2025 kó tó tún gbéra.

Bọ́sẹ̀ Aberdeen
Kúùkù, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ṣé Glencoe, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ski bákan náà, ò sún mọ́ ará Glasgow jù ni? The Lecht, ibùdó ski mìíràn, làwa ń lọ. Wàhálà tiwa ni títì A939 láàárín Cockbridge àti Tomintoul: kí yìnyín tó pọ̀ tó ohun tá a fẹ́, wọ́n ti fi géètì dí ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì Glasgow
Ẹ ṣeun gan-an. Jíǹsì àti jákẹ́ẹ̀tì iléèwé ńkọ́, ṣé ó máa tó wọn?

Kúùkù Aviemore
Rárá o. Jíǹsì tó bá ti rin lókè yẹn, ó di ilé kó tó gbẹ. Aṣọ irun àgùntàn nínú, èyí tí omi ò lè wọ̀ lóde, ìbọ̀wọ́ méjì-méjì. Bó bá jẹ́ dígírì odo tí atẹ́gùn sì ń sáré máìlì 30 ní wákàtí kan, ara ọmọ á gbọ́ ọ bíi mẹ́jọ nísàlẹ̀ odo. Bí wọ́n bá ti òkè pa, ẹ má tíì ṣẹ́rí padà. Adágún Loch Morlich wà lójú ọ̀nà, igi páìnì ibẹ̀ ń gba atẹ́gùn dúró, kò sì sẹ́ni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kàn ra sledge oníke, èyí tí ọmọ ń jókòó sí yọ̀ lórí yìnyín, fún wọn kẹ́ ẹ tó kúrò ní Aviemore.