"Òṣèré ìbílẹ̀" kọ́ ni Elle-Máijá Tailfeathers

Nínú àkójọ tí a jọ ń ṣe ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa dá a lábàá pé kí "òṣèrébìnrin ìbílẹ̀ àti onífíìmù" dúró fún ohun tí òyìnbó ń pè ní "Indigenous filmmaker and actress". Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Elle-Máijá Tailfeathers tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí júwe, òṣèré àti olùdarí fíìmù ní Kánádà, wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́, orúkọ tí a bá sì fún un ni ẹni tí kò tíì rí fíìmù rẹ̀ máa fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bí a ṣe ń lo "ìbílẹ̀". Aṣọ ìbílẹ̀, ijó ìbílẹ̀, oníṣègùn ìbílẹ̀. Ohun tó bá ṣáájú rẹ̀ ló ń ṣàlàyé. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kì í ṣe dókítà ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ẹni tó ń fi ewé àti egbò tọ́jú aláìsàn ni. Bí a bá wá kọ "òṣèré ìbílẹ̀", ẹni tó ń jó bàtá lójú agbo ni gbogbo wa máa rò. Ṣùgbọ́n bí "ọmọ" bá ṣáájú, ọ̀rọ̀ yí padà. "Ọmọ ìbílẹ̀" ń sọ ẹni tí èèyàn jẹ́, kò sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. "Òṣèré tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀" àti "òṣèré ìbílẹ̀" kì í ṣe ẹnì kan náà rárá.

Ẹ wá gbé iṣẹ́ Tailfeathers fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó kọ́ eré ṣíṣe ní Vancouver Film School, ó sì tún lọ sí University of British Columbia. Ní 2019, òun àti olùdarí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Kathleen Hepburn, gbé fíìmù The Body Remembers When the World Broke Open jáde. Tailfeathers ló ṣe Áila nínú rẹ̀. Áila rí ọmọbìnrin kan, Rosie, lẹ́bàá títì ní Vancouver: ó lóyún, òjò ń pa á, kò wọ bàtà, ọkùnrin tó ń lù ú sì ń jágbe mọ́ ọn. Áila mú un lọ sílé. Láti ìgbà náà, kámẹ́rà ò fi wọ́n sílẹ̀ mọ́, àfi bíi pé wọn ò gé fíìmù náà níbì kankan. Bẹ́ẹ̀, fíìmù 16mm ni wọ́n fi yà á, èyí tí róòlù rẹ̀ kì í pẹ́ tán, ọgbọ́n ni wọ́n fi bo ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Nígbà tí wọ́n wọ takisí lọ síbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo àwọn obìnrin, Rosie sọ fún awakọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni Áila, pé oògùn olóró ló mú un, òun ń mú un lọ fún ìtọ́jú. Ó yí ìtìjú tirẹ̀ gbé sí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ lórí! Mi ò tíì rí ìran tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wo èyí tán tí yóò pè é ní eré ìbílẹ̀?

"Onífíìmù" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá ní "onífíìmù", ẹni tó fowó rẹ̀ ṣe é, tó sì ni ín, la máa ń gbọ́. Àmì ẹ̀yẹ tí Tailfeathers àti Hepburn gbà lórí fíìmù yẹn ní Canadian Screen Awards, ètò àmì ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ní Kánádà, ní 2020, ti ìdarí àti ti ìwé eré ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: olùdarí fíìmù, òǹkọ̀wé eré, òṣèré. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Àbúrò kan ní kí a lo "ọmọ onílẹ̀". Ìtumọ̀ rẹ̀ gangan dára, àmọ́ Èkó ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹni tó bá ń kọ́lé mọ ohun tí "ọmọ onílẹ̀" ń gbà lọ́wọ́ òun, títí ìjọba fi ṣòfin lé e ní 2016. A ò gbọ́dọ̀ fi í pe àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. "Íńdíà pupa" tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ náà, ẹ jọ̀wọ́, kò yẹ ká máa kọ ọ́ mọ́.

"Ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà" ńkọ́? Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ jẹ́ Kainai, ẹ̀yà kan lára àwọn Blackfoot, ní gúúsù Alberta ní Kánádà, àwọn yẹn sì ti wà níbẹ̀ kí Kánádà tó wà rárá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Sámi, ọmọ ìbílẹ̀ ìhà àríwá Yúróòpù, láti Norway, ilẹ̀ àwọn Sámi sì la orílẹ̀-èdè mẹ́rin kọjá. Nítorí náà orúkọ ẹ̀yà ni kó ṣáájú. Kainai ni kí a kọ, kì í ṣe "Ẹ̀yà Ẹ̀jẹ̀" tí ẹnì kan tú láti inú "Blood Tribe", orúkọ tí òyìnbó ń pe Kainai. Sámi ni kí a kọ, kì í ṣe "Lapp", orúkọ àbùkù tí wọ́n kọ̀.

Ó ku Kímmapiiyipitssini, fíìmù tó ṣe ní 2021 nípa bí oògùn olóró ṣe ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ ní Kainai àti bí àwọn ará ibẹ̀, títí kan ìyá rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, ṣe ń gba ẹ̀mí là. Wọ́n fi "empathy" sí ìdí àkọlé rẹ̀, àwọn kan sì dá "àánú" lábàá. Ẹni tó ní la máa ń sọ pé ó ṣàánú ẹni tí kò ní. Àwọn tó wà nínú fíìmù yìí kò dúró lókè wo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti mu oògùn rí wà lára àwọn tó ń tọ́jú. "Ìfọ̀rànrora-ẹni-wò" ló bá a mu, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ti ń lò. Àkọlé tó wà ní èdè Blackfoot yẹn ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí ó ṣe yẹ kó wà nínú àkójọ wa nìyí, tí kò bá sí àtakò: "Elle-Máijá Tailfeathers, ọmọ Kainai àti Sámi, olùdarí fíìmù, òǹkọ̀wé eré àti òṣèré. Ní 2022, ó gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dára jù ní Canadian Screen Awards fún ipa tó kó nínú fíìmù Night Raiders, Kímmapiiyipitssini sì gba ti dọkumẹ́ńtárì." Ibi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ irú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí lápapọ̀, "ọmọ ìbílẹ̀" ni kí a lò, kí "ọmọ" má sì sọnù níwájú rẹ̀.