Ilé alájà 18 fẹ́ wọ àárín àwọn ilé kéékèèké: kí la lè kọ tí wọ́n máa kà sí?

Ará_Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti lẹ ìwé ìkéde mọ́ ọgbà ilẹ̀ kan ní àdúgbò: ilé alájà 18, gíga rẹ̀ mítà 58, ilé gbígbé 120, àyè ọkọ̀ 70, àjà méjì lábẹ́ ilẹ̀. Kò sí èyí tó ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ nínú àwọn ilé tó yí i ká. Láti ògiri ilé tuntun náà sí ọgbà ilé tó sún mọ́ ọn jù, mítà mẹ́fà péré ni. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fún àwọn ará àdúgbò láti fèsì.

Ẹgbẹ́ àdúgbò ti ń gba ìbuwọ́lùwé jọ, àmọ́ àwọn kan ní ìbuwọ́lùwé kì í dá ilé dúró. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ wo ni àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò ìkọ́lé máa ń gbà wọlé, irú èwo ni wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá òjìji rẹ̀ máa bo ilé wa lóòótọ́, ká má kàn máa fẹnu sọ ọ́? Kí ló yẹ ká ṣe nípa ògiri sísán kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀?

Atòlú

Ẹ kú àníyàn. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wádìí èyí ná: ṣé òfin ìlò ilẹ̀ ibẹ̀ ti gba ilé alájà 18 tẹ́lẹ̀, àbí ńṣe ni wọ́n ń tọrọ àyè kọjá ohun tí òfin gbà? Bí òfin bá ti gbà á, kò sí lẹ́tà tó lè ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ohun tí ẹ máa rí gbà nígbà náà ni àdéhùn lórí bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń tọrọ àyè ni, ọrùn tiwọn ni ẹ̀rí wà, agbára yín sì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ gba ìwé òfin náà, kí ẹ wo nǹkan mẹ́ta: gíga tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá, ìjìnnà sí ààlà, àti ìwọ̀n gbogbo àjà tí a bá fi ìwọ̀n ilẹ̀ pín in. Ká ní ilẹ̀ náà jẹ́ mítà oníbùú-lóòró 2,000, tí àjà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 650. Àjà 18 yóò fún wa ní 11,700. Ẹ fi 2,000 pín in, 5.85 ni. Bí òfin bá sọ pé 3 ni òpin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọn kì í ka àjà ọkọ̀ àti abẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn míì kì í ka báńkóní pàápàá. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi nǹkan pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbà wọlé ni ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wo inú yàrá ẹni láti òkè, ọkọ̀, omi àti ìdọ̀tí, ìjà iná, àti ìtakora pẹ̀lú ètò ìlú tó ti wà nílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni pé iye owó ilé yín máa já, pé ẹ ò ní rí òkè tí ẹ máa ń wò lójú fèrèsé mọ́, pé ẹni tó fẹ́ kọ́lé kì í ṣe èèyàn dáadáa, àti pé kó lọ kọ́ ọ síbòmíràn. Mo mọ̀ pé owó ilé ló ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn jù. Ẹ má kọ ọ́. Lẹ́tà tó bá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ojú oníwà-tèmi-nìkan ni wọ́n á fi ka ìyókù rẹ̀.

Nípa ìbuwọ́lùwé: ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé kan tó ní orúkọ 500 lára, ìtakò kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí. Lẹ́tà 40, tí olúkúlùkù sọ̀rọ̀ nípa ilé tirẹ̀, wúwo jù ú lọ. Àmọ́ bí 40 náà bá jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, wọ́n á dì wọ́n pọ̀ sójú kan. Kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, nọ́ńbà àwòrán tí ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹsẹ òfin tó lòdì sí, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà. Ojú ìwé méjì ti tó.

Ẹ ṣí ìròyìn ọkọ̀ wọn, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ka ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ìsinmi ilé-ìwé tàbí ọjọ́ Sunday, kíkà yẹn kò wúlò. Ẹ ka tiyín: èèyàn méjì ní oríta, láàárọ̀ aago 7 sí 9, nírọ̀lẹ́ aago 4 sí 7, lọ́jọ́ Tuesday sí Thursday, kí ẹ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 15. Ní ti omi, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ilé 120, èèyàn mẹ́ta nílé kan, lítà 150 lórí ẹnìkan lóòjọ́, lítà 54,000 nìyẹn. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ máa padà gba páìpù ìdọ̀tí lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì máa ń dà lọ láàárọ̀. Ẹ béèrè lẹ́tà láti ọwọ́ àwọn tó ni páìpù pé ó gbà á. Bí gọ́tà bá ti ń kún lẹ́yìn òjò báyìí, ẹ ya fọ́tò tó ní déètì.

Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ó dé.

Ẹnjiníà_Ilẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ògiri.

Ní ti àwọn ilé tó yí i ká, gíga ilé yìí kọ́ ni kó bà yín lẹ́rù, ihò rẹ̀ ni. Àjà méjì lábẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí ihò bíi mítà 7 sí 8. Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ihò máa ń sún, sísún náà sì lè dé ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta jíjìn ihò náà, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ rírọ̀. Nítorí náà, gbogbo ilé tó bá wà láàárín mítà 25 sí etí ihò yẹ kó ní àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà rèé: yàrá kọ̀ọ̀kan, ògiri kọ̀ọ̀kan, àjà òkè àti ilẹ̀. Ibi tó bá ti sán tẹ́lẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi káàdì tí a fi ń wọn ìsán wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tí orí ìsán náà dé pẹ̀lú déètì. Má ṣe fi ìsán àtijọ́ pamọ́ torí kí ilé lè dà bíi pé ó dára. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan tí ẹ ò kọ sílẹ̀, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́. Tọ̀tún-tòsì ló máa buwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lẹ ìwọ̀n oníke sórí àwọn ìsán pàtàkì: pátákó kékeré méjì tó gun orí ara wọn, tí ìlà òǹkà wà lára ọ̀kan. Ẹ máa kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní wákàtí kan náà, torí pé oòrùn ọ̀sán lè mú kí ìsán fẹ̀ tàbí kó pa dé láìjẹ́ pé ilẹ̀ sún. Káwọn sọ̀fíyọ̀ tún kan ìṣó sára ògiri ìta, kí wọ́n máa wọn bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Inú ìwé àdéhùn ni kí iye tí iṣẹ́ máa dúró wà: bí àpẹẹrẹ, mìlímítà 5 kí wọ́n pe ẹnjiníà, mìlímítà 10 kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Àwọn ẹnjiníà méjèèjì ló máa fẹnu kò sórí iye náà gan-an, ó sinmi lórí irú ìpìlẹ̀ tí ilé yín ní.

Gbígbọ̀n ilẹ̀: ẹ béèrè bóyá òpó ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọlẹ̀ ni tàbí èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ihò rẹ̀ tí wọ́n á da kọ̀nkéré sí. Èkejì ni kí ẹ bèèrè fún. Ìlànà Jámánì tí wọ́n ń pè ní DIN 4150-3 fi mìlímítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ìpìlẹ̀ ilé gbígbé fún gbígbọ̀n tó lọ́ra, ó sì fi 3 sí ilé àtijọ́ tó gbẹgẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n ni kó wà lẹ́sẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé yín, kó má jẹ́ inú ọgbà tiwọn.

Omi abẹ́lẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí wọ́n bá ń fa omi jáde kúrò nínú ihò, omi abẹ́ ilé yín náà ń lọ sílẹ̀, ilẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ilé á rì ju èkejì lọ. Nínú amọ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó hàn, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ á ti kó lọ. Ẹ béèrè fún ògiri abẹ́lẹ̀ tó wọlẹ̀ dé ibi tí omi ò gbà kọjá. Kí ẹ sì wo ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀: ihò àyẹ̀wò kan ṣoṣo fún irú ilé yìí, eré ni.

Nǹkan méjì míì: irin ìdákọ̀ró tí wọ́n ń gún gba abẹ́ ilẹ̀ yín láti fi di ògiri ihò mú, àti apá kéréènì tó ń yí kọjá lórí òrùlé yín. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ yín fún méjèèjì. Àṣẹ yẹn ni ohun tó níye lórí jù tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má buwọ́ lu ìwé rẹ̀ kíákíá.

Òjìji

Ìṣirò òjìji kò le. Ẹ fi tan igun oòrùn (bọ́tìnnì “tan” wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò) pín gíga ilé. Bí oòrùn bá wà ní dìgírì 45, òjìji ilé mítà 58 gùn ní mítà 58. Ní dìgírì 30, ó di 100. Ní dìgírì 15, ó di 216. Ní ìlú tó wà ní dìgírì 50 sí àríwá, oòrùn ọ̀sán ìparí December kò ju dìgírì 16 sí 17 lọ. Ní ìlú tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, òjìji ọ̀sán kì í jìnnà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni kí ẹ máa bá wọn jà lé lórí.

Ṣùgbọ́n gígùn òjìji nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ilé gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́, òjìji rẹ̀ ń rìn, ó lè má ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tó gbòòrò, bí kò tiẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀, lè jókòó lé yín lórí láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹni tó bá ń pariwo pé “kí wọ́n gé e sí àjà mẹ́wàá” gbọ́dọ̀ béèrè bóyá wọ́n á fi fífẹ̀ gba àjà tí wọ́n gé padà. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Àwòrán òjìji wọn sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀sán June. Ẹ bèèrè fún March 21, June 21, September 22 àti December 21, ní wákàtí-wákàtí láti aago 9 àárọ̀ sí 3 ọ̀sán. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Britain ni pé, láti àárín fèrèsé ìsàlẹ̀, bí ilé tuntun kò bá kọjá ìlà tó fi dìgírì 25 gòkè láti ibẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá kọjá, wọ́n á ṣírò ojú ọ̀run tí fèrèsé ń rí: bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 27 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì tún dín kù ju ìdá kan nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa mọ̀ ọ́n lára. Ilé mítà 58 gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 120 kó tó bọ́ sábẹ́ dìgírì 25. Tiyín wà ní mítà 6 sí ọgbà, kò sí àní-àní pé ó kọjá ìlà yẹn. Bí ìlú yín bá ní ìlànà tirẹ̀, tirẹ̀ ni kí ẹ lò.

Afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Bó bá kọlu ojú ilé gíga, ó máa ń já wálẹ̀, ó sì ń sáré ní igun ilé. Ní ìlú Leeds ní England, nídìí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Bridgewater Place, afẹ́fẹ́ ta ọkọ̀ ẹrù lulẹ̀ ní 2011, ó sì pa ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbé ohun tó ń dènà afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Ẹ béèrè àyẹ̀wò afẹ́fẹ́, kí ẹ sì má gba “a máa gbin igi” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ìsàlẹ̀ tó yọ síta tàbí ìbòrí lókè ẹnu ọ̀nà ló ń gé e.

Ilégbé_Ò_Tó

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì. Àwọn tó fẹ́ gbé inú ilé 120 yẹn kò tíì ní àdírẹ́sì, wọn ò lè kọ lẹ́tà. Bí ìpàdé bá kún fún “irú àwọn èèyàn wo ló ń bọ̀,” ẹ ti pàdánù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyè ọkọ̀ tún wà. Gbogbo èèyàn máa ń kígbe pé 70 kò tó fún ilé 120. Kí ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn? Àjà kẹta lábẹ́lẹ̀. Ìyẹn fi bíi mítà mẹ́ta kún ihò tí Ẹnjiníà ń sọ, ó tún kó ọkọ̀ púpọ̀ sí i wá sí oríta tí Atòlú ní kí ẹ lọ kà. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ ní kí wọ́n má fún àwọn ará ilé tuntun ní ìwé àyè ọkọ̀ lójú pópó.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ohun tó ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin àti àwọn tó ń bọ̀, ẹ kọ ti iná. Ọ̀pọ̀ àkàbà panápaná kì í kọjá mítà 30 sí 32, nítorí náà àtẹ̀gùn inú ilé nìkan ló kù fún àjà òkè. Grenfell Tower ní London, alájà 24, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní. Èèyàn 72 ni iná June 2017 pa níbẹ̀, nígbà tó gba ara ohun tí wọ́n fi bo ògiri ìta gòkè. Ẹ béèrè iye àtẹ̀gùn, ohun tí wọ́n fi bo ògiri, àti bóyá ọkọ̀ panápaná lè wọlé kó sì yí padà lójú ọ̀nà yín.

Ará_Àdúgbò

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Owó ẹgbẹ́ kò lè sanwó fún ju onímọ̀ kan lọ. Ta ni ká kọ́kọ́ pè?

Ẹnjiníà_Ilẹ̀

Ẹni tó máa ṣe àyẹ̀wò ilé ṣáájú iṣẹ́. Ìṣirò ìmọ́lẹ̀ ṣeé ṣe nígbàkúgbà tí àwòrán bá wà lọ́wọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè yẹ ògiri wò bó ṣe rí kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ kọ sínú lẹ́tà pé kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé gbé ìnáwó rẹ̀, kí ẹ̀yin sì yan ẹni tó máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, torí pé ó dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹjọ́ ìsán tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ tún béèrè ìwé ìbánigbófò wọn, kí ẹ wò ó bóyá ó sanwó fún ilé aládùúgbò láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ fi hàn pé àìbìkítà wọn ló fà á. Èyí tó ń sanwó kìkì bí àìbìkítà bá wà, kóòtù ló máa gbé yín lọ.